Bàsíà Tí Mo Lù Nínú Kùrukùru

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó kí yín, nítorí ẹ mọ̀ mí dáadáa: bí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, n ó máa yí ọ̀rọ̀ ká títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi yín, ẹnu mi kò sì tíì gbà á. N ó kọ́kọ́ rò fún yín bí àárọ̀ òní ṣe rí. Bóyá kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀, ẹnu mi á ti gbà á.

Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́, ẹ má bínú. Ègùn yín dùn lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n Yorùbá ìyá mi ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìwé. Ẹ̀yin náà kò kúkú mọ ìwé kà nígbà tí ẹ wà láyé, nítorí náà, ẹnìkan ní láti bá yín kà á níbi tí ẹ wà. Kí ẹni náà jọ̀wọ́ rọra kà á, ẹ ò fẹ́ràn ẹni tó ń sáré sọ̀rọ̀.

Lọ́la ni ọdún kan pé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi ní Mowó, mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí máṣìnnì, mo wá bá Màmá palẹ̀ oúnjẹ ìrántí yín mọ́. Màmá ní òun kò fẹ́ ẹja inú fíríìsà. Ó ní ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ pa ẹja ọ̀sà, a ò gbọdọ̀ fi ẹja tó gan sínú páálí ṣe ìrántí rẹ̀. Ẹpìyà ló fẹ́, àwọn ńláńlá tó máa ń wá sí ibi tí omi ò jìn bí ọyẹ́ bá ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń gbé wọn sókè kí gbogbo èbúté rí wọn kí ẹ tó sọ wọ́n sínú agbọ̀n? Bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ bí wọn.

Màútín àbúrò mi ló lọ kó wọn. Òun nìkan ló kù tó ń wọ omi nínú ilé wa, ẹ sì mọ̀ pé èmi ti sá fún omi tipẹ́tipẹ́. Ó ti dẹ àwọ̀n sílẹ̀ láti àná nídìí koríko òdìkejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé ó rú òfin yín. Ẹ ti sọ fún un títí tí etí rẹ̀ fi kún pé kó má fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀ nínú ọyẹ́ bí kò bá tíì rí orí igi àgbọn òdìkejì, pé ẹja pàápàá kì í jí nínú omi tútù àfi bí oòrùn bá nà án lẹ́gba díẹ̀, kí ni èèyàn wá ń sáré bá? Ó dúró. Ó rí igi àgbọn náà. Èmi tí mo dúró tì í rí i pẹ̀lú, ó hàn kedere, mo tiẹ̀ rí ẹyẹ lórí rẹ̀. Síwẹ́tà yín aláwọ̀ ewé tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti ya ló wọ̀. Bó ṣe yí ẹ̀yìn sí mi, tó ń wa ọkọ̀ lọ, mo rò pé ẹ̀yin ni, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ó kó ẹja tán, ó ń padà bọ̀, kò tíì dé àárín omi tí kùrukùru fi dé. N ò rí irú rẹ̀ rí. Kò ti ibì kankan wá, inú omi ló ti ń jáde bí oru ṣe ń jáde nínú ìkòkò tí wọ́n ṣí. Igi àgbọn kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà Màútín, lẹ́yìn náà ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ níwájú mi gan-an. Mo pe fóònù rẹ̀. Ẹ̀yìn mi ló ti ń dún, ní ìdí iná sólà Bàbá Pọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́ yín, níbi tó ti fi sílẹ̀ kó gba iná.

Bàbá, omi yẹn kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀ mọ́. Àwọn ọkọ̀ iyanrìn wà níbẹ̀ báyìí, irin rẹpẹtẹ, wọ́n á dúró sí àárín omi láìtan iná. Àwọn fàyàwọ́ tó ń kó kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ sì wà níbẹ̀. Irú kùrukùru báyìí ni wọ́n ń wá, ìgbà tí ojú ò bá lè rí wọn ni wọ́n ń sá eré àsápajúdé. Ọ̀kan kọjá nígbà tí mo dúró síbẹ̀. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, mo rí ìgbì rẹ̀ tó wá fọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, n ò rí òun fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ Màútín kò fẹ̀ ju bẹ́ǹṣì lọ, ẹni tó bá gbá a lè má mọ̀ pé òun gbá nǹkan.

Màmá ló jí mi lójú oorun tí mo ń sùn lórí ìdúró. Ó yọ sí mi lójijì.

"Gbé bàsíà bàbá rẹ wá! Ṣé bí o ṣe máa dúró bí òpó nìyẹn?"

Gaàrí ló ń kó sínú bàsíà yín láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ. A sáré wọlé, òun fúnra rẹ̀ da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní láìwo ibi tó ń dà sí, ó nà án sí mi pẹ̀lú àjẹ̀ yín tó ti dá.

Nígbà tí a wà ní kékeré, eré ni mo rò pé ẹ ń ṣe. Bí kùrukùru bá bo omi, tí ará ilé wa kan bá wà lórí rẹ̀, ẹ ó fi àdí pa àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dà dojú dé, ẹ ó sì máa fi àjẹ̀ lu ìdí bàsíà. Méjì tó wúwo, ọ̀kan tó fúyẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ó dákẹ́, ẹ ó tẹ orí sí apá òsì níbi tí etí yín ti dára. Mo máa ń fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín kí n lù ú láìdákẹ́. Ẹ ò gbà fún mi. Ẹ máa ń sọ pé ìdákẹ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́, pé ẹni tó wà nínú kùrukùru nílò àyè láti yí etí rẹ̀ síbi tí ilé wà. Ṣé ẹ̀rù máa ń ba ẹ̀yin náà nígbà yẹn? N ò bi yín rí. Ojú yín kì í fi nǹkan kan hàn.

Èmi ò rántí ìdákẹ́ kankan láàárọ̀ yìí. Mo lu bàsíà bí ẹni ń lé ewúrẹ́ nídìí iṣu.

Ariwo mi ló pe àwọn èèyàn jáde. Ẹ mọ bí èbúté wa ṣe rí, wọn kì í fi ẹnìkan sílẹ̀ fún wàhálà rẹ̀. Bàbá Pọ́ọ̀lù gbé agogo ìjọ wọn jáde. Àwọn kan ń lu ríìmù táyà, àwọn obìnrin ń fi ṣíbí lu ìkòkò, ọlọ́kadà kan dúró lókè, ó tẹ fèrè mọ́lẹ̀ kò yọ ọwọ́. Wọ́n tò láti ìsàlẹ̀ etí omi dé òkè, gbogbo wọn ń pariwo, "Wá! Wá!", ọ̀rọ̀ tí Ègùn àti Yorùbá jọ ní. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní, irú ariwo yìí, òkú á gbọ́. Ẹ forí jì mí, bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn Màútín. Ó ké láti apá òsì, kò sì jìnnà púpọ̀. Mo tún gbọ́ ọ láti apá ọ̀tún, ó ti jìnnà díẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, n ò lè sọ ibi tó wà mọ́. Ó ń yí po. Gbogbo etí omi ló ń pè é, kò sì mọ èwo ni ilé.

Mo yí padà, mo ní kí wọ́n dákẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo wá kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú Bàbá Pọ́ọ̀lù, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n dákẹ́."

"Dákẹ́ kẹ̀? Ìwọ aránṣọ, ṣé o fẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn kú ni?"

"Kó lè gbọ́ bàsíà ilé rẹ̀ nìkan ni. Bàsíà bàbá mi ló mọ̀."

Ó fi ọwọ́ di ahọ́n agogo náà mú, ó sì fi Ègùn sọ̀rọ̀ kan sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Ẹni yẹn sọ fún ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo etí omi ṣe ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá, ìdákẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju kùrukùru lọ. Bí Màútín bá kú, èmi ni mo pa á, èmi tí mo sá fún omi tí mo tún wá ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ omi. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo gbìyànjú láti lù ú bí ẹ ṣe ń lù ú, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Èyí tó yẹ kó fúyẹ́ ń wúwo, èyí tó yẹ kó wúwo ń yọ̀ lórí irin. Mo ń lù, mo ń dákẹ́, mo ń sunkún. Màmá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di etí aṣọ mi mú. N ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó.

A gbọ́ àjẹ̀ tó kan ara ọkọ̀. Imú ọkọ̀ yọ, síwẹ́tà yín yọ, Màútín wà nínú rẹ̀. Gbogbo èèyàn ké yèè. Bàbá Pọ́ọ̀lù wá bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo nígbà tí kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ mọ́, títí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá gbá Màútín létí, ó sì dì mọ́ ọn. Ẹpìyà wà nínú ọkọ̀, àwọn ńláńlá, wọ́n ṣì ń mí.

Ǹ bá parí lẹ́tà yìí síbẹ̀ kí n máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ ti móoru, tó mu ògì gbígbóná tán, ó wá bá mi nídìí iná tí mo ti ń yan ẹja.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń lu èkejì?"

"Èkejì wo?"

"Nígbà tí ariwo yẹn dákẹ́, méjì ni mo gbọ́. Ọ̀kan níwájú mi, ọ̀kan lẹ́yìn. Ti ẹ̀yìn yẹn dọ́gba dáadáa, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Bí Bàbá ṣe máa ń lù ú gẹ́lẹ́. Mo ti yí orí ọkọ̀ síbẹ̀."

Mo bi í pé kí ló wá dá a padà.

"Ti iwájú ń gbọ̀n. Mo wá ní, ẹni tó wà láyé ló ń bẹ̀rù."

Ó rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán. Ó ní bóyá ara irin àwọn ọkọ̀ iyanrìn ni ohùn bàsíà mi ti ń padà. Ó lọ sùn, ó sì ń hanrun báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí. Èmi ò lè sùn. Gbohùngbohùn kì í tún ìlù ẹni ṣe. Bó bá jẹ́ tèmi ló ń padà, kí ló dé tí kò kọsẹ̀ níbi tí mo ti kọsẹ̀?

Bàbá mi, ṣé ẹ̀yin ni?

N ò bínú sí yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè fẹ́ ibi fún Màútín láéláé. Bóyá ẹ rí kùrukùru, ẹ rí ọmọ yín nínú rẹ̀, ẹ sì jókòó ṣe ohun tí ẹ máa ń ṣe. Bóyá ẹ rò pé ilé lẹ ń pè é sí. Ṣùgbọ́n ibi tó ti di ilé fún yín kò tíì di ilé fún òun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó dàgbà, kó darúgbó, kí irun rẹ̀ funfun ju tiyín lọ.

Lọ́la a ó se ẹpìyà náà, Màmá á bu tiyín sọ́tọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, orí ẹja ni, ẹ má fòyà. Ní ọ̀tunla, Màútín á tún wọ omi, nítorí iṣẹ́ tí ẹ kọ́ ọ nìyẹn, kò mọ òmíràn. N ò ní padà sí Mowó títí ọyẹ́ yóò fi lọ pátápátá. Kí àwọn oníbàárà mi máa bú mi. Bàsíà náà wà lórí ẹsẹ̀ mi báyìí, kò ní gba gaàrí mọ́.

Bí kùrukùru bá tún dé, tí ẹ gbọ́ ẹni tó ń lu bàsíà lálùgbọ̀n, tí kò mọ̀ ọ́n lù, èmi ni. Gbogbo àgbà èbúté ni mo kúnlẹ̀ bẹ̀ pé kí wọ́n dákẹ́, wọ́n sì dákẹ́ fún mi. Bàbá mi, ó ku ẹ̀yin nìkan.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín dọ́ba, tí àyà rẹ̀ kò tíì balẹ̀.