Téèpù Tí O Fi Wọ̀n Mí

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ilé. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, torí kì í rẹ̀ ọ́ tó bá ti kan ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Tí o bá ń béèrè èmi, mo wà láàyè. Má bínú.

Mo gbọ́ pé o ń sọ fún àwọn oníbàárà wa pé àìsàn ti da orí mi rú ni mo ṣe sá nílé. Irọ́ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo sùn sórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù, mo la ojú díẹ̀, mo rí ọ tí o ń fi téèpù wọ̀n mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, lẹ́yìn náà èjìká sí èjìká. O kò wọn àyà, o kò wọn ìbàdí. Èmi tí mo kọ́ ọ níṣẹ́ ìránṣọ, ṣé n kò ní mọ̀ pé wọn kì í wọn ènìyàn báyẹn fún aṣọ? Pósí ni!

Bẹ́ẹ̀ dókítà ò sọ pé mo ń kú. Ó ní jẹjẹrẹ ọmú ni, pé tí wọ́n bá tètè gé e, ó ṣeé ṣe kí n yè. Ìwọ lo dá a lóhùn kí n tó la ẹnu: "Ẹ má dá ẹ̀gbọ́n mi lóró, dókítà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sinmi nílé." Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin títí dé ibi tí irin ti parí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí òkun láyé mi. Mo jókòó sórí àpótí ẹja kan, mo sunkún bí ọmọdé. Gbogbo aṣọ ìrìnàjò tí mo rán fún ará ìlú, èmi fúnra mi ò lọ ibì kankan rí. Ìwọ lo máa ń sọ pé, "Ta ló máa wá jókòó ti maṣíìnì?" Èmi òmùgọ̀ á sì jókòó.

Onílé tí mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ ni à ń pè ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́, torí gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé ló so mọ́ ìdí. Nígbà tí mo sọ àìsàn mi fún un, ó ní, "Ṣé ẹ ti jẹun?" Lọ́jọ́ kejì ó tẹ̀ lé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹ̀mí gígùn, kí ó sì fún ọ ní ẹni tí yóò jẹ́ kí o lò ó tán.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tó ṣì ń mí.

Àfikún: Nọ́ọ̀sì ní kí n dárúkọ ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún mi tí n kò bá tètè jí. Mo dárúkọ Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Nọ́ọ̀sì náà wá bi mí bóyá mo ní ọmọ ìyá kankan láyé. Mo ní n kò ní. Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.