Orúkọ Tí N Kò Ní Í Pè

Belahi, létí odò Kosi,
Agbègbè Purnia.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, 1911.

Sonelal, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mo ti lò láyé, n kò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. O ní kí n gbàgbé ilẹ̀, kí n wá máa bá yín gbé nígboro. N kò wá. Báwo ni ìyàwó rẹ? Ṣé ikọ́ ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara èmi le bí ọmọ ọlọ. Orúnkún nìkan ló ń dà mí láàmú.

Àwọn ìjọba ti dé síbí. Kosi tún ti ṣí ipò padà, ó sì pọ oko wa tó gbé mì látijọ́ sílẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tún ilẹ̀ wọ̀n, tí wọ́n ń tún ènìyàn kà. Wọ́n fi amọ̀ pupa kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn mi bí ẹni ń sàmì sí ewúrẹ́. Akọ̀wé wọn, ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, bi mí pé ta ló ni oko náà kí odò tó gbé e.

Mo ní, "Bàbá Phulmati ni."

"Ìyá, orúkọ rẹ̀ gan-an ni mò ń béèrè."

"Ọkọ mi ni. Èmi kì í pè é lórúkọ. Bí aya bá pe orúkọ ọkọ, ẹ̀mí ọkọ á gé kúrú."

"Ẹni tó ti kú, ìyá? Ẹ̀mí wo ló kù tí ẹ fẹ́ gé?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ikú kò já ìgbéyàwó tèmi, kó lọ bi ìyá tó bí i. Ni Bhukhan, ajẹ́lẹ̀ onílẹ̀ ńlá, bá bọ́ síwájú: "Akọ̀wé, kọ ọ́ pé kò lólúwa. Ilẹ̀ tí kò lólúwa, ti ọ̀gá mi ni."

Ó sì kọ ọ́. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló mọ orúkọ náà, ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀gá Bhukhan ni wọ́n ti ń dáko. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n ń wò. Láti ọjọ́ náà, adìyẹ ti bà lókùn: ara ò rọ èmi, ara ò rọ àwọn. Àwọn ìjọba ní àwọn kò ní í gba ẹ̀rí Phulmati ọmọ mi, torí ó ti wà nílé ọkọ. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, òyìnbó yóò jókòó gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá pe orúkọ náà níwájú rẹ̀, Bhukhan á ri èèkàn ọ̀gá rẹ̀ mọ́ oko mi.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ.

Lọ́dún ìyàn, bàbá Phulmati ta akọ màlúù méjèèjì tó fi ń túlẹ̀ kí ìwọ lè rí oúnjẹ jẹ. Òun kò béèrè ohunkóhun padà. Èmi ń béèrè. Wá pe orúkọ rẹ̀ sétí òyìnbó lọ́jọ́ ọjà. San gbèsè rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́ dàgbà,
Jhalo.