Ẹni Tó Ta Afárá

Gilbert ọmọ mi,

Mo kí ẹ o, mo kí gbogbo ẹ̀yin eléré tí ẹ jọ ń gbé. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ nígbà yìnyín á máa ṣọ́ ẹ ní Lọ́ńdọ́nù. Ara mi le. Àgùntàn wa bí ìbejì, wàràkàṣì ọdún yìí náà sì dáa. Ambrose Hackwell tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ń tọ́jú mi. Ojú ṣì ń tì mí láti kọ “ọkọ mi” sí ọmọ tí mo bí, àmọ́ ta ni mo tún fẹ́ sọ ọ́ fún? Ó máa ń bá mi gbé omi tí ẹnikẹ́ni ò bá wò wá.

Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀. Perkin tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ná ọ̀nà Lọ́ńdọ́nù ti dé, ó ní òun rí ẹ nínú eré àwọn ọba àtijọ́. Inú mi dùn, mo bu ọtí fún un. Ló bá ní ìwọ ni ọ̀dàlẹ̀ inú ẹ̀, pé Balógun Rafe Hackwell ni wọ́n ń pè ẹ́, tó gba wúrà, tó ta afárá fún ọ̀tá. Gilbert! Baba ńlá ọkọ mi ni! Níbí, gbogbo wa la mọ̀ pé ńṣe ni Balógun Rafe dúró lórí afárá yẹn títí àwọn obìnrin fi sá kọjá, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ọkọ mi gbé ife kalẹ̀, ó ní ọmọ tó bá ń fi orúkọ baba òun ṣe ẹlẹ́yà ò ní wọ ilé òun nígbà ìkórè.

Mo bi Perkin pé ẹni tó kọ eré yẹn, ṣé ó wà lójú ogun ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní irùngbọ̀n ẹ̀ ò tíì kún. Ó ní ìyá Gilbert, ẹ jọ̀ọ́, ìran ọba tó ṣẹ́gun lọ́jọ́ náà ló bí Ọbabìnrin wa. Ta ló máa pe baba ńlá Ọbabìnrin ní ìkà, kí wọ́n lè gé etí ẹ̀? Ó ní ẹni tó bá ṣubú ni wọ́n ń di ẹ̀ṣẹ̀ rù.

Èmi rò pé ìwà ni wọ́n fi ń pín ipa inú eré. Tó o bá ń tètè jí, tó o sì ń kí ọ̀gá yín dáadáa, wọn á fi ẹ́ jọba. Bí ò bá sì ṣeé ṣe, bá mi bẹ ọba yín kó jẹ́ kí Balógun borí lẹ́ẹ̀kan péré, lọ́jọ́ tí òjò bá lé èrò lọ.

Àmọ́ nígbà tí Perkin dìde, ọkọ mi bi í, láì gbójú sókè, pé báwo ni ọmọ náà ṣe ń kú. Perkin ní hàà, Ọ̀gá Ambrose, èrò ń hó lé e lórí, wọ́n ń ju èso lù ú, ọba ní kó kúnlẹ̀ kí òun dá a sí, ó ní òun ò ní kúnlẹ̀. Idà mẹ́ta ló tó gbé e ṣubú, ilé eré sì pa lọ́lọ́. Ọkọ mi tún gbé ife ẹ̀, ó ní, Hackwell kì í kúnlẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo bá a tó ń kan ibùsùn. Mo ní ti ta ni? Ó ní ẹni tí wọ́n ń gún lójoojúmọ́ yẹ kó ríbi sùn tó bá délé.

Nítorí náà, máa bọ̀ nígbà ìkórè. Fi owó díẹ̀ rán Perkin, kí n fi ra ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ fún ìrọ̀rí ẹ. Ọba tó ń pa ẹ́ lọ́sàn-án ò ní rí ẹ pa lálẹ́. Àmín.

Èmi ìyá ẹ,
Marjory, aya Hackwell