Èèrà Tó Ṣù Sẹ́yìn Balùwẹ̀ Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé? Ẹni tó dá ọ sí dòní kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Òrùlé tí ìjì ṣí, mo ti kàn án padà, ewúrẹ́ wa sì ti bímọ. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ló gbé mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù tí mo ń kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni. Mo pè ọ́ lórí fóònù, obìnrin kan ló ń gbé e, mo kí i, kò dáhùn, òyìnbó ló ń sọ lé mi lórí. Bá mi kìlọ̀ fún un.

Oògùn tuntun tí o fi ránṣẹ́ fún àtọ̀gbẹ ìyá rẹ, kò tíì lò ó pẹ́ tí èèrà fi ṣù bo ibi tí omi balùwẹ̀ ń gbà jáde. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, mo ti ń ṣọ́ ibẹ̀. Láti kékeré la ti mọ̀ pé ìtọ̀ tí èèrà bá ń lá, ṣúgà ló wà nínú rẹ̀. Mo ní, ta ló ń fi ṣúgà kún ṣúgà fún ìyàwó mi? Mo lá oògùn náà wò, kò dùn, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fura, torí ẹni tó fẹ́ tan èèyàn kò ní jẹ́ kó dùn. Mo bá kó o sínú àpótí iṣẹ́ káfíńtà mi, mo gbé ayùn lé e, mo sọ fún ìyá rẹ pé oògùn ti tán, pé ìwọ lo ò tíì fi òmíràn ránṣẹ́. Jọ̀ọ́, má bínú.

Èèrà kọ́kọ́ dín kù, mo ń yan káàkiri àgbàlá bíi dókítà. Kò pẹ́ ni wọ́n tún ya dé, wọ́n pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá rẹ ń mu omi, òǹgbẹ kò lọ. Ojú rẹ̀ ṣú, ó wá ń fi ọwọ́ táràrà wá ilẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀. Mo ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì wá sílé, ó dé láàárọ̀ yìí, ó gún un níka, ó fi ẹ̀jẹ̀ kan ẹ̀rọ bíńtín kan, ẹ̀rọ ò kọ nọ́ńbà kankan. Mo ní bóyá káàdì rẹ̀ ló tán, kó jẹ́ kí n sáré lọ ra òmíràn. Ó ní, Baba, ṣúgà yìí ti ju ohun tí ẹ̀rọ lè kà lọ, oògùn Màmá dà? Mo yọ ọ́ lábẹ́ ayùn. Ó káwọ́ lérí. Ó ní bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ó ń gbọ́n ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ni, ó ń dà á síta pẹ̀lú ìtọ̀, àti pé ti ìsinsìnyí kì í ṣe gbígbọ́n mọ́, ó ti kún wọ́ sílẹ̀ ni. Ohun tó ń jáde ni mo rí tí mo pè é ní èyí tó ń wọlé.

Nígbà tí a sáré gbé e dé ọsibítù, tí wọ́n ń gbé e wọ yàrá, mo jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni, kì í ṣe ìwọ. O mọ ìyá rẹ, kò sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ rí tí kò fi méjì dá padà. Lónìí, ó kàn ní kò burú. Ọmọ mi, kò burú yẹn ló ń dẹ́rù bà mí.

Fi owó díẹ̀ rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, fún bẹ́ẹ̀dì àti omi tí wọ́n fà sí i lára. Bó o bá lè wá, bá mọ́tò náà wá. Bó bá rí ọ, bóyá á rí agbára bú mi. Ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo, ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ, Ọlọ́run á sì jẹ́ kí ìyá rẹ bú mi.

Èmi ni bàbá rẹ.