Ojú Mọ́mì àti Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ Fi Pa Mọ́ Fún Mi

Màmá Àgbà mi,

Ẹ kú ilé o. Dádì àti Mọ́mì kí yín. Yìnyín ti yọ́ ní Falconridge níbí lókè òkun, oòrùn ti dé. Orúnkún yín tó ń dùn yín ńkọ́?

Màmá, inú ń bí mi sí yín. Àbààwọ́n dúdú yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mọ́mì, lọ́tùn-ún lósì. Mo bá fi mílò kun ojú tèmi, mo ń sín Mọ́mì jẹ níwájú ìyá ará Korea tó ni ṣọ́ọ̀bù àdúgbò wa. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwọn tó rí bákan náà.

Wọ́n ní, "Oyún ló fa tèmi, oòrùn sì ń mú un dúdú sí i. Àbí mọ́mì ẹ lóyún ni?"

Mo sáré délé, mo bi Mọ́mì. Dádì ló fèsì, "Oṣù kẹrin rèé. Màmá Àgbà ló ní ká má tíì sọ fún ẹ, pé ẹnu ẹ ò ní ìdérí."

Èmi tí mò ń sín gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì jẹ lórí fóònù kí ẹ lè rẹ́rìn-ín! Ẹ̀yin lẹ wá yọ mí sílẹ̀.

Mọ́mì ti ń dé àkẹtẹ̀ jáde báyìí. Ọlọ́run á sọ wọ́n kalẹ̀ láyọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ tí ẹ bá fẹ́ sọ ọmọ náà, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Mi ò ní sọ fún Dádì pàápàá.

Ọmọọmọ yín,
Dóyin