Ilé Mẹ́rin Tó Yí Bàbá Mi Ká

Kiev, oṣù kejì ọdún 1979

Seidou ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Ara mi le. Òtútù ibí kò mú mi rárá, ìka méjì péré ni kò gbọ́ tèmi mọ́.

O ní bàbá mi sọ fún délégué tí ìjọba fi ṣolórí yín nínú ìpàdé pé kí ọmọdé kọ́kọ́ kí àgbà kó tó máa pariwo révolution, ni wọ́n bá pè é ní ọ̀tá ìlú. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn? Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń kí i mọ́ ní Tchaourou. O wá kọ ọ́ bí ẹni pé òjò lò ń ròyìn!

O bi mí léèrè iṣẹ́ mi. Mo to àwọn àmì tó dúró fún èérún inú irin ní ìlà-ìlà bí ebè iṣu. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kọjú sókè tàbí sísàlẹ̀, àwọn mẹ́rin tó yí i ká nìkan ló sì ń wò. Ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan ló ń bá mi wo ìṣe wọn. Bí ooru bá mú, kálukú a máa ṣe tirẹ̀. Bó bá tutù dé ìwọ̀n kan, gbogbo wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú síbì kan náà, láìsí ẹni tó pàṣẹ.

Àmì kò nítìjú, Seidou. Ìwọ ńkọ́? Ilé mẹ́rin ló yí ilé bàbá mi ká, tiyín wà níbẹ̀. Lọ́dún tí òjò kọ̀, iṣu ta ni ẹ jẹ?

Bá mi kí ìyá rẹ àti Raliatou. Ní ti bàbá mi, má kí i ní kọ̀rọ̀. Dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀, kí o kí i sókè, kí ilé mẹ́ta yòókù gbọ́.

Idrissou