Bọ́nà Tí Mo Fi Abẹ́rẹ́ Yín Wọ̀n

Ọ̀kà Àkókó,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ọ̀sán.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò ti dé etí yín, nítorí Bàbá Káfíńtà òdìkejì ilé wa kú lóṣù tó kọjá, ẹ sì mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ dúró. Yóò ti sọ fún yín pé ọmọ yín ti páìpù bọ inú sàréè yín, pé ara yín tó ń jẹrà ni mo fi ń dáná, pé gàrí tí Màmá ń yan báyìí, iná òkú ló ń yan án. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ihò kan ni mo gbẹ́ sẹ́yìn ilé. Ìgbẹ́ màlúù ló wà nínú rẹ̀, àti èèpo ẹ̀gẹ́, àti omi. Mo fi kọnkéré bò ó pa. Bí ìgbẹ́ náà bá ti ń rà lábẹ́ ìdérí yẹn, gáàsì ló ń mú jáde, gáàsì ọ̀hún ló sì ń gba páìpù lọ sí ilé ìdáná. Páìpù náà gba ẹ̀gbẹ́ ibojì yín kọjá, òótọ́ ni, nítorí pé kò sí ọ̀nà míì. Kò wọlé tọ̀ yín.

Láti Ìkàrẹ́ ni mo ti ń kó ìgbẹ́ náà wá, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, àpò méjì lórí ọ̀kadà lẹ́ẹ̀kan. Ọlọ́kadà kan wo bí mo ṣe gbá àpò mọ́ra, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé ìwọ lo ṣu ú ni, tó o fi dì mọ́ ọn báyìí?” Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ṣì ń yá mi nígbà yẹn.

Ẹ mọ ohun tó fà á. Èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú Màmá tán. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti lọ, ikọ́ rẹ̀ ti yí padà. Ó ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ àpótí lórí sìmẹ́ńtì. Bó bá yan gàrí tán nírọ̀lẹ́, ọwọ́ ló fi ń tá ògiri kó tó mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà wà. Ẹ ṣe bọ́nà, irin tí iná gáàsì ń gbà yọ, fún ìdajì àwọn olóúnjẹ Ìkàrẹ́, ẹ kò ṣe ọ̀kan fún un. Mi ò fi bú yín. Agbára wa kò ká sílíńdà, bọ́nà tí kò sì ní gáàsì, irin lásán ni. Ẹ máa ń sọ pé ẹ ó wá nǹkan ṣe sí i. Ṣé ẹ rántí pé ẹ ṣì ń sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀?

Èmi ni mo wá nǹkan ṣe sí i. Mo jókòó sí ìsọ̀ yín ní Ìkàrẹ́, mo mú páìpù omi àtijọ́ kan, mo dí ẹnu rẹ̀, mo lu ihò kan ṣoṣo sí i tí gáàsì yóò gbà jáde. Níwájú ihò náà, mo la fèrèsé méjì sára páìpù kí afẹ́fẹ́ lè wọlé wá bá gáàsì. Mo ká orí rẹ̀ bí òrùka, mo lu ihò kéékèèké yí i ká, ibi tí iná yóò ti máa yọ. Ihò àkọ́kọ́ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Abẹ́rẹ́ yín ni mo fi wọ̀n ọ́n. Mo rí i níbi tẹ́ ẹ máa ń gún un sí, létí fìlà iṣẹ́ yín, ó ti dípẹtà díẹ̀. Mo fi itọ́ pa á bí ẹ ṣe máa ń ṣe, mo tì í bọ ihò, mo gbé e sójú oòrùn. Ó wọ̀ ọ́ gẹ́ẹ́. Ẹ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nídìí iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín tí kò gbọ́ ọ̀kan yìí: ihò tó bá ju abẹ́rẹ́ lọ, ilé ló ń jó.

Iná náà jáde. Ó tín-ín-rín bí ìrù èkúté. Bí èèyàn bá sín, ó kú. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, omi ìwẹ̀ Màmá kò lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti gàrí. Súlè tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wa wá wò ó. Ó mú sípókù kẹ̀kẹ́ kan dání, ó nà án sí mi.

“Fi èyí fẹ ihò yẹn. Gáàsì ìgbẹ́ kò lágbára bíi ti sílíńdà.”

“Bàbá mi kò lò ju abẹ́rẹ́ lọ.”

“Bàbá ẹ kò fi ìgbẹ́ dáná rí náà. Olórí kunkun.”

“Gbé ẹnu ẹ kúrò ní ìsọ̀ mi.”

“Ìsọ̀ Bàbá ni,” ó ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín padà lọ sídìí táyà rẹ̀.

Mi ò fẹ̀ ẹ́. Lójú mi, bí mo bá fẹ̀ ẹ́, bí ìgbà tí mo bá sọ pé ẹ kò mọ iṣẹ́ ni. Mo ní bí gáàsì kò bá lágbára, n ó fún un lágbára. Ihò ẹ̀yìn ilé ní ẹnu kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí ìgbẹ́ tó bá kún ti ń tú jáde. Mo fi búlọ́ọ̀kù mọ ẹnu yẹn ga sí i, ìlà mẹ́ta, kí ìgbẹ́ tó bá gòkè síbẹ̀ lè máa fi ìwúwo rẹ̀ ti gáàsì tó wà lábẹ́ ìdérí. Ó ṣiṣẹ́. Iná náà dìde, ó ń fọn bí ẹwìrì. Màmá yan gàrí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán láìhúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó pè mí, ó ní, “Wá wo ojú mi, ṣé omi wà níbẹ̀?” Omi kankan kò sí níbẹ̀. Ó jó yí agbada ká, pẹ̀lú igbá tó fi ń rò ó lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Màmá kì í jó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ sàréè bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé etí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, ó pe ẹbí jọ síwájú ilé.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ó ní, “ǹjẹ́ ohunkóhun ti inú ihò rẹ dé ibi tí àbúrò mi sùn sí? Bó bá dé ibẹ̀, o ó dí i lónìí. Bí kò bá dé ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dà ọ́ láàmú mọ́.”

Mo ní kò dé ibẹ̀. Ó ní kí n fi irin búra. Mo gbé ọmọ owú tẹ́ ẹ fi ń rọ irin, mo fi ahọ́n kàn án níṣojú gbogbo wọn. A ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà o, ṣùgbọ́n ọmọ alágbẹ̀dẹ ni wá, ẹ̀yin lẹ sì kọ́ mi pé ẹni tó bá fi irin búra èké, irin kì í gbàgbé rẹ̀. Màmá dìde wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá Ìkàrẹ́, àbúrò yín obìnrin, dúró. Súlè, tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí kì í ṣe ẹbí, tí irin wa kò kàn rárá, òun náà dúró. Bí mo ṣe ń lọ tí mo ń bọ̀ láàárín Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, mo ń ka àwọn tó dúró tì mí. Wọ́n pé mẹ́fà, wọ́n pé mẹ́sàn-án. Kíkà náà ń dùn mọ́ mi bí aláìsàn tó ń ka ọjọ́ tí ara rẹ̀ fi yá.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Nígbà tó dá, mo jáde lọ gbá ewé kúrò lórí ibojì yín. Omi dúró síbi ẹsẹ̀ yín. Omi náà ń hó. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù. Ó ń yọ ìhó kéékèèké, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni tó ń mí lábẹ́ omi. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀yin ni.

Ẹ mọ bí ilẹ̀ Ọ̀kà ṣe rí. Àpáta ni a gbẹ́ fún yín. Ọjọ́ méjì gbáko ni àwọn alágbẹ̀dẹ ẹgbẹ́ yín fi òòlù àti irin là á. Àpáta tí wọ́n bá fi òòlù là kì í là síbì kan ṣoṣo. Ó sán láti ọ̀dọ̀ yín lọ títí dé ibi tí mo wá gbẹ́ ihò mi sí, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí mo fi búlọ́ọ̀kù ti gáàsì, ó wá ọ̀nà, ó rí i. Kò ti ọ̀dọ̀ yín wá, Bàbá. Ọ̀dọ̀ yín ló ń lọ.

Mo wó búlọ́ọ̀kù náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo lọ bá Súlè, mi ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo kàn na ọwọ́, ó fi sípókù sí i. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì yẹ kó fi mí ṣe é. Mo fẹ ihò bọ́nà náà. Iná tó jáde dúró jẹ́ẹ́, àwọ̀ aró, kò sí ariwo, kò sí ìwúwo kankan lórí gáàsì. Gbogbo ohun tí mo nílò láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ yín tọ́ fún sílíńdà, kò tọ́ fún ìgbẹ́. Ṣé ẹ ì bá bínú ká ní mo ti gbà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní? Tàbí ẹ̀yin gan-an ni ẹ ì bá gba sípókù lọ́wọ́ Súlè, tí ẹ ó sì rẹ́rìn-ín?

Ṣùgbọ́n ibi ẹsẹ̀ yín kò dákẹ́. Mo da omi síbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó hó. Mo dà á ní Ọjọ́rú, ó hó. Mo tú páìpù, mo jẹ́ kí gáàsì inú ihò fẹ́ dànù sáfẹ́fẹ́, mo purọ́ fún Màmá pé mo ń tún un ṣe. Síbẹ̀ ó hó. Abẹ́ táìlì yín ṣófo, mo mọ̀, èmi ni mo ń gbé búlọ́ọ̀kù fún bíríkìlà nígbà tó ń mọ ọ́n. Báwo ni èyí tó ti kún ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó? Yóò pẹ́ tó ọjọ́ mélòó kó tó tán? Kò sí ẹni tí mo lè bi, àyàfi ẹ̀yin.

Ọ̀la ló pé ọdún kan. Lẹ́yìn Máàsì, gbogbo ilé yóò wá tan àbẹ́là yí yín ká, bí ẹ ṣe tan án fún bàbá tiyín. Àwọn àgbà ló ń tan ti orí. Àwọn ọmọ kékeré ló ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tan ti ẹsẹ̀.

Lánàá mo po sìmẹ́ńtì. Mo fẹ́ dí ibi tó sán náà pa kí ẹnikẹ́ni má rí i. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú tírówẹ́lì lọ́wọ́, mo ti bu ti àkọ́kọ́ dání, kó tó yé mi pé bí mo bá dí ẹnu tó ń gbà jáde, inú ni yóò kù sí, lábẹ́ táìlì, lábẹ́ àbẹ́là ọwọ́ àwọn ọmọ náà. Sìmẹ́ńtì le mọ́ mi lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń jà nínú mi. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti búra èké nìyẹn, wọn yóò dí ihò náà kí oòrùn tó wọ̀, Màmá yóò sì padà sínú èéfín. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi rí iná tó dúró jẹ́ẹ́. Bí mi ò bá sọ ọ́, mo lè wá irọ́ tí wọn ò fi ní tan àbẹ́là: mo lè sọ pé òjò ń bọ̀, mo lè sọ pé afẹ́fẹ́ yóò pa àbẹ́là. Mo ti to irú irọ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́ta jọ láàárọ̀ yìí, mo sì rí i pé wọ́n ń wọ̀ mí.

Ibẹ̀ ni mo ti jáwọ́ nínú kíka àwọn tó dúró tì mí. Kì í ṣe pé wọ́n dín kù. Wọ́n ń pọ̀ sí i ni. Láàárọ̀ yìí Ìyá Ìkàrẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé òun bá obìnrin kan jà lọ́jà nítorí mi, gèlè òun sì ya. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ni wọ́n dúró tì, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe òótọ́ mọ́. Kí ni mo tún fẹ́ máa kà?

Màmá ni mo kọ́kọ́ sọ fún, lọ́sàn-án yìí, nídìí agbada. Ó gbọ́ ọ tán, kò gbójú sókè.

“Ṣé ó lè ṣe àwọn ọmọ náà ní jàǹbá?”

“Ó lè ṣe wọ́n, Màmá.”

“O mọ̀ láti ọjọ́ Ajé?”

“Mo mọ̀.”

“Bàbá ẹ ì bá ti sọ ọ́ ní ọjọ́ Ajé.”

Ó na ọwọ́, ó pa bọ́nà. Gàrí inú agbada kò tíì gbẹ. Ó mú àáké lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ní kó jẹ́ kí n la igi fún un, ó ní, “Ìwọ lọ bá Bàbá Àgbà.”

Mo ń lọ. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí, títí kan ìbúra náà, kí wọ́n ṣe mí bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Ẹ má bínú, Bàbá. Lọ́la, kò sẹ́ni tí yóò tan àbẹ́là fún yín. Ìdí ògiri ẹ̀yìn pátápátá, níbi tó jìnnà sí yín jù, ni Màmá to igi sí. Ó ti ṣáná sí i. Mo ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó sí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

Èmi ni, ọmọ yín, tí kò tíì dẹ́kun láti máa fẹ́ràn yín.